Bí CubeSat ṣe dọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́

Ní 1999, Bob Twiggs ti Fásitì Stanford àti Jordi Puig-Suari ti Cal Poly, ní Kalifọ́níà, ń wá ojútùú sí ìṣòro kan: sátẹ́láìtì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó kọ́ ọ tán, akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á sì ti gboyè lọ kó tó fò. Ara àpótí oníke tí wọ́n ń pàtẹ bèbí Beanie Baby sí ni Twiggs ti mú ìwọ̀n. Bí CubeSat, sátẹ́láìtì kékeré onígun mẹ́rin, ṣe dé nìyẹn: sẹ̀ǹtímítà 10 ní gígùn, níbùú àti lóòró, kò sì gbọdọ̀ wúwo ju kìlógíráàmù 1 lọ nígbà náà.

Lójú tiwa, P-POD tí Cal Poly ṣe, ìyẹn àpótí tí CubeSat ń wà nínú rẹ̀ lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì, ló lani lọ́nà ju àpótí bèbí yẹn lọ. CubeSat mẹ́ta ló ń gbà, ó máa ń tì wọ́n pa, sípíríǹgì á wá tì wọ́n síta lókè. Ọkàn ẹni tó ni rọ́kẹ́ẹ̀tì á balẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ iléèwé ò ní ba ẹrù olówó ńlá jẹ́.

Ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2003 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì Rokot gbé àkọ́kọ́ wọn láti Plesetsk, ní Rọ́ṣíà. XI-IV ti Fásitì Tókíò àti CUTE-I ti Tokyo Tech ṣiṣẹ́. A ò gbóhùn CanX-1 ti Toronto àti DTUsat ti Dẹ́ńmáàkì rí. AAU CubeSat ti Aalborg sọ̀rọ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò ròkè, bátìrì sì ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà: lẹ́yìn tó bá ti jáde. Òfin ni kó dúró fún ìṣẹ́jú 30 kó tó na ẹ́ríálì, àti 45 kó tó sọ̀rọ̀. Okùn ọ̀rá ló di ẹ́ríálì mọ́ra, wáyà gbígbóná ló ń jó o já. Bí okùn bá kọ̀ tí ò já, sátẹ́láìtì yadi nìyẹn. Ẹ fi wáyà méjì sí i, kí kọ̀ǹpútà sì máa tún un gbìyànjú. Bó bá ń kọjá lórí yín, kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ní megahertz 437, ìgbì rẹ̀ lè fi bíi kilohertz 10 ga sí i bó bá ń bọ̀, á sì fi bẹ́ẹ̀ rẹlẹ̀ bó bá ń lọ. Rédíò tí ò bá tẹ̀ lé e kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí àmì Morse (beacon) tí sátẹ́láìtì ń fi ránṣẹ́ léraléra fi sàn ju kámẹ́rà lọ: ẹnikẹ́ni tó ní rédíò amatọ̀ lè gbọ́ ọ.

Nigeria EduSat-1, CubeSat ti FUTA, ní Àkúrẹ́, ti inú BIRDS-1 jáde, ètò Kyushu Institute of Technology ní Japan. Wọ́n tú u sílẹ̀ láti ISS, ibùdó àgbáyé tó wà lójú òfuurufú, ní oṣù keje 2017, pẹ̀lú ti Gánà, Mòǹgólíà, Bangladesh àti Japan. Ìgbì kan náà ni márààrún ń lò, nítorí náà ibùdó orílẹ̀-èdè kan lè gbọ́ ti èkejì. Afẹ́fẹ́ ló fà wọ́n wálẹ̀ láàárín bí ọdún méjì.