Bí Jẹjẹrẹ Ṣe Ń Da Họ́mónù Ara Rú

Bí òùngbẹ bá ń gbẹ èèyàn ní Òṣogbo, tó sì ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ìtọ̀ ṣúgà ni ará ilé máa kọ́kọ́ fura sí. Bí ṣúgà rẹ̀ kò bá ga, tó sì ní jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹ̀dọ̀fóró tàbí ti kíndìnrín, kí wọ́n tètè yẹ kálísíọ́mù ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí pé bó bá ga jù, òun náà máa ń fa òùngbẹ àti ìtọ̀ lemọ́lemọ́.

Kóró kéékèèké mẹ́rin tó wà lẹ́yìn táírọ́ìdì, nínú ọrùn, ló ń ṣọ́ kálísíọ́mù. Bó bá dínkù, wọ́n á tú họ́mónù PTH jáde láti gbé e sókè. Bó bá ti tó, wọ́n á dáwọ́ dúró. Àwọn jẹjẹrẹ kan wà tó ń ṣe PTHrP, èyí tó jọ PTH débi pé egungun àti kíndìnrín kì í mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Egungun á máa tú kálísíọ́mù sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín kò sì ní jẹ́ kó bá ìtọ̀ jáde. Àwọn kóró ọrùn á ti dákẹ́, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ kò mọ ìgbà tó tó. Ìdí nìyí tí PTH fi máa ń lọ sílẹ̀ nínú àyẹ̀wò nígbà tí kálísíọ́mù ga.

Nǹkan bíi 2.2 sí 2.6 mmol/L ló yẹ kí kálísíọ́mù ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Bó bá kọjá 3, ìgbẹ́ á gan, èébì á máa gbé èèyàn, ara á rọ. Bó bá kọjá 3.5, orí lè dàrú, ìlù ọkàn náà lè dàrú. Kí wọ́n wo albumin pẹ̀lú, ìyẹn èròjà protein inú ẹ̀jẹ̀ tí kálísíọ́mù máa ń so mọ́, torí pé tiẹ̀ sábà máa ń kéré lára ẹni tó ti rù, á sì bo kálísíọ́mù tó ga mọ́lẹ̀: gíráàmù kọ̀ọ̀kan tó bá fi dín sí 40 nínú lítà kan, 0.02 ni wọ́n ń fi kún kálísíọ́mù.

Omi iyọ̀ 0.9% ni wọ́n kọ́kọ́ ń fà sí aláìsàn lára, torí ìtọ̀ ti gbẹ omi ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni zoledronic acid, oògùn tí kì í jẹ́ kí egungun máa tú kálísíọ́mù jáde, mílígíráàmù 4, tí kò gbọ̀dọ̀ yára ju ìṣẹ́jú 15 lọ, bí kíndìnrín bá lè gbà á. Ó máa ń tó ọjọ́ 2 sí 4 kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ lọ́jọ́ kejì pé oògùn náà kò jẹ́. Ohun tó ń dunni jù ni àwọn tó ń lo kálísíọ́mù oníhóró tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì nítorí egungun tó ń dùn wọ́n. Ó ń bu epo sí iná ni. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi hydrochlorothiazide náà ń dá kálísíọ́mù dúró lára. Kí dókítà pààrọ̀ rẹ̀.

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lè tú èròjà kan tó ń jẹ́ IGF-2 jáde, èyí tó ń ṣe bíi insulin, họ́mónù tó ń dín ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kù: ṣúgà á já wálẹ̀ ní ìdájí, aláìsàn á làágùn, á máa sọ ìsọkúsọ kó tó mu ẹ̀kọ. Bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, kí wọ́n fún un ní omi ṣúgà, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù, ìbáà jẹ́ UNIOSUN Teaching Hospital tàbí èyí tó bá sún mọ́ jù.