Kí Ni Àlọ́ Ń Wá Nínú Ìtàn Ogun?

Irú ìtàn àròsọ kan wà fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó máa ń rú ọ̀pọ̀ òǹkàwé lójú. Ogun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni wọ́n gbé e lé, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ìlú, síbẹ̀ àjẹ́, ìkookò àti ọmọ ọba tí oorun gbé lọ ń rìn káàkiri inú rẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí òǹkọ̀wé fi ní láti mú àlọ́ wọ inú ogun? Ṣé òtítọ́ kò tó ni?

Ìdáhùn: Òtítọ́ tó, ṣùgbọ́n ọmọdé tó wà nínú ogun kì í rí gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n fi pamọ́ sínú àjà ilé, tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ fọhùn, kò mọ ohun tí ìjọba pinnu, kò sì mọ iye ènìyàn tó ti kú. Ohun tó mọ̀ ni pé ebi ń pa òun, pé ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn, pé ohùn onítọ̀hún tutù bí ohùn ẹni rere, àti pé bí òun bá dáhùn, ẹ̀mí lè lọ sí i. Bí ọmọ náà bá ti gbọ́ àlọ́ ìkookò tó yí ohùn rẹ̀ padà kí àwọn ọmọ ewúrẹ́ méje lè rò pé ìyá wọn ló dé, ó ti ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ìbẹ̀rù rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ kì í fi àlọ́ sá fún ogun. Ojú ọmọdé ló ń fún wa láti fi wò ó.

Ìbéèrè: Ṣé àlọ́ kì í ṣe ohun ìgbà àlàáfíà?

Ìdáhùn: Rárá. Apá kìn-ín-ní ìwé àlọ́ tí Jacob àti Wilhelm Grimm kó jọ jáde ní ọdún 1812. Ìlú Kassel ní Jámánì ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí ń gbé, Jérôme, àbúrò Napoleon olú-ọba ilẹ̀ Faransé, ló sì ń jọba lé wọn lórí nígbà náà. Jacob fúnra rẹ̀ ló ń tọ́jú ìwé ọba àjèjì náà. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ àlọ́ Hansel àti Gretel, ìyá tó bí wọn gan-an ló dá a lábàá pé kí wọ́n lọ fi àwọn ọmọ sílẹ̀ nínú igbó nítorí pé oúnjẹ ti tán nílé. Ẹ̀dà tó jáde lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ló sọ ìyá náà di ìyàwó bàbá.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọdé kúrò ní àwọn ìlú ńlá nítorí bọ́ǹbù, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, Pied Piper ni wọ́n sọ ètò náà. Pied Piper ni afunfèrè inú ìtàn ìlú Hamelin ní Jámánì, ẹni tó fi fèrè fa ọmọ 130 kúrò nílé, tí wọn kò sì padà mọ́. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu pé orúkọ yẹn ni wọ́n yàn fún ètò tí wọ́n fẹ́ fi dá ẹ̀mí àwọn ọmọ sí.

Ìbéèrè: Ṣé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò tàbùkù àwọn tó kú lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ó lè tàbùkù wọn, ìbéèrè yìí ni mo sì kà sí pàtàkì jù. Àpẹẹrẹ tó yè kooro tí mo mọ̀ ni Briar Rose, ìwé tí Jane Yolen kọ ní ọdún 1992. Ìyá àgbà kan ní Amẹ́ríkà a máa pa àlọ́ ọmọ ọba tó sùn fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àlọ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù: ìkùukùu ló bo ààfin tí gbogbo ènìyàn fi sùn, nígbà tí wọ́n sì fi ẹnu ko ọmọ ọba náà lẹ́nu, òun nìkan ló jí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àbíkẹ́yìn àwọn ọmọ-ọmọ náà wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí dé ilẹ̀ Pólàndì. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé Chełmno ni ààfin náà, ibi tí àwọn Násì, ẹgbẹ́ Hitler tó ń ṣàkóso Jámánì nígbà náà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn Júù mọ́ inú ọkọ̀ akẹ́rù ní oṣù Kejìlá ọdún 1941, tí wọ́n sì ń darí èéfín ọkọ̀ náà padà sínú rẹ̀ títí wọn yóò fi kú. Àwọn tí wọ́n pa níbẹ̀ ju 150,000 lọ. Èéfín yẹn ni ìkùukùu inú àlọ́. Ìfẹnukonu sì ni èémí tí ẹnì kan lára àwọn tó ń bá Násì jà láti inú igbó fẹ́ sí ọmọbìnrin náà lẹ́nu kó lè tún máa mí.

Àlọ́ náà kò bo òkú kankan mọ́lẹ̀. Òun ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìyá àgbà náà fi lè sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ohun tí mo sì bọ̀wọ̀ fún jù ni pé, lẹ́yìn tí ìtàn parí, òǹkọ̀wé sọ fún òǹkàwé gbangba pé òun kò mọ obìnrin kankan tó bọ́ láàyè ní Chełmno.

Ìbéèrè: Báwo ni ọ̀dọ́ ṣe máa mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n hun?

Ìdáhùn: Kó kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé tó wà lẹ́yìn ìwé. Bí kò bá sí níbẹ̀, kó yẹ àwọn ọjọ́ àti orúkọ ibi wò nínú ìwé ìtàn gidi.

Ìbéèrè: Àlọ́ a máa parí sí ayọ̀. Ṣé ó yẹ kí irú ìwé yìí náà parí bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí. Mo fara mọ́ ọn kí idán fi ọmọ kan pamọ́ nínú igbó, kó fi ọ̀nà hàn án, kó tilẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí kò sí ẹlòmíràn. N kò fara mọ́ ọn kó jí àwọn tó kú dìde, nítorí àwọn ẹbí wọn dúró, wọn kò rí wọn. Nínú àlọ́ ìyá àgbà yẹn, ọmọ ọba jí, ṣùgbọ́n àwọn ará ààfin yòókù ṣì ń sùn.