Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Rí Oògùn Tó Fara Pamọ́ Sínú Oyin?

Ìbéèrè: Oyin fúnra rẹ̀ a máa dí bakitéríà lọ́wọ́. Báwo wá ni ilé àyẹ̀wò ṣe ń mọ̀ bóyá oògùn apakòkòrò àrùn wà nínú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ibi tí ìṣòro wà gan-an nìyẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ yẹ wàrà wò, wọ́n lè kán díẹ̀ lára rẹ̀ sórí bakitéríà, kí wọ́n sì wò ó bóyá bakitéríà náà yóò dàgbà. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lè ṣini lọ́nà bó bá di ti oyin, nítorí pé ṣúgà tó kún inú rẹ̀, ásíìdì rẹ̀, àti hydrogen peroxide, kẹ́míkà apakòkòrò tí ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ń mú jáde, kì í jẹ́ kí bakitéríà dàgbà, kódà bí oògùn kankan kò bá sí níbẹ̀. Mólékù oògùn gan-an ni wọ́n ní láti wá, kì í ṣe iṣẹ́ tí oògùn ń ṣe. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní LC-MS/MS ló ń sọ abẹ gé: á ya àwọn èròjà sọ́tọ̀, á wọn ìwúwo mólékù kọ̀ọ̀kan, á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, á sì tún wọn èérún rẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni oògùn náà ṣe dé inú oyin?

Ìdáhùn: Bakitéríà kan wà tó ń jẹ́ Paenibacillus larvae, tó ń pa ìdin oyin nínú afárá. Àwọn kan tó ń sin oyin máa ń fi oxytetracycline tàbí tylosin bá a jà, ṣùgbọ́n bakitéríà náà a máa sọ ara rẹ̀ di hóró líle tí oògùn kì í ràn, tó sì lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni àìsàn náà bá tún padà, ni wọ́n bá tún lo oògùn. Ẹni tí kò tilẹ̀ lo oògùn rí náà lè kó sínú wàhálà, torí pé wọ́n máa ń fín oògùn streptomycin sí òdòdó igi ápù ní àwọn ibì kan, ibẹ̀ sì ni oyin ti lè gbé e wálé.

Ìbéèrè: Bí ẹ̀rọ bá ti dára, ṣé ó parí?

Ìdáhùn: Kò parí rárá, ohun tí mo sì rò pé ó yẹ kí gbogbo olùra mọ̀ nìyí. Àwọn oògùn ìdílé sulfonamide, tí àwọn náà ń dí bakitéríà lọ́wọ́, máa ń so mọ́ glúkóòsì, ìyẹn ṣúgà kan tó wà nínú oyin, ẹ̀rọ tó ń wá oògùn nìkan kò sì ní dá a mọ̀ nínú ìdè yẹn. Ásíìdì ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi tú u sílẹ̀. Ilé àyẹ̀wò tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí lè kọ ọ́ pé oyin mọ́, nígbà tí kò mọ́. Tylosin pẹ̀lú máa ń yí padà díẹ̀díẹ̀ nínú oyin di èròjà mìíràn tó ń jẹ́ desmycosin, nítorí náà méjèèjì ni wọ́n ní láti wá.

Ìbéèrè: Báwo ni ohun tí wọ́n ń wá ṣe kéré tó?

Ìdáhùn: Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò fi ìwọ̀n kankan lélẹ̀ tí irú oògùn yìí lè fi wà nínú oyin, ìyẹn ni pé kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ní ti chloramphenicol, tó lè ba mùdùnmúdùn egungun àwọn ènìyàn kan jẹ́, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń gbé ìgbésẹ̀ láti ìparí ọdún 2022 jẹ́ máíkírógíráàmù 0.15 nínú kìlógíráàmù kan; 0.3 ni tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé a lè sẹ́ oògùn náà kúrò nínú oyin?

Ìdáhùn: Rárá, ó ti yòrò mọ́ oyin.

Ìbéèrè: Kí ló yẹ kí a wò nínú ìwé èsì?

Ìdáhùn: Ẹ wo orúkọ àwọn oògùn tí wọ́n wá, ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí wọ́n lè rí, àti bóyá wọ́n lo ásíìdì kí wọ́n tó wá sulfonamide. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé àwọn kò rí nǹkan kan, àwọn oògùn tó wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn.