Àwọ̀ Tó Ń Fi Fáírọ́ọ̀sì Hàn Nínú Ẹ̀dọ̀fóró

Bí àyẹ̀wò PCR, tó ń wá èròjà àbùdá kòkòrò àrùn, bá rí fáírọ́ọ̀sì nínú ihò imú ọmọ tí òtútù àyà pa, kò tíì tó láti sọ pé fáírọ́ọ̀sì yẹn ló pa á. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń sáré kiri àgbàlá ló ní rhinovirus, fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ọ̀fìnkìn, nímú tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n, síbẹ̀ àṣìṣe yìí kò yé jáde lẹ́nu àwọn tó yẹ kí wọ́n mọ̀. Inú ẹ̀dọ̀fóró gan-an ló yẹ kí a wò.

Ohun tí ètò CHAMPS, tó ń wádìí ohun tó ń pa àwọn ọmọdé, ń ṣe nìyẹn ní Mòsáḿbíìkì, Mali, Bangladesh àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Bí àwọn òbí bá gbà, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró òkú ọmọ náà láìla á, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú fọ́málìn, wọ́n á fi ìda gbá a mú, wọ́n á sì gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ibi tí ọgbọ́n wà ló kàn. Fọ́málìn tó gba ẹran náà lọ́wọ́ ìjẹrà ló tún ń so àwọn purotéènì pọ̀ gírígírí, débi pé purotéènì fáírọ́ọ̀sì lè wà níbẹ̀ kí áńtíbọ́dì, purotéènì tó máa ń dì mọ́ ohun kan pàtó, má rí ibi dì í mú. Ní 1991 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé iná lè tú ìdè náà: kí a gbé gíláàsì tí ẹran wà lórí rẹ̀ sínú omi tí a po èròjà sí, kí a sì sè é. Bí iná bá kéré, ìdè kò ní tú. Bó bá pọ̀ jù, ẹran á ṣí kúrò lórí gíláàsì.

Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ dé. Aládìrẹ a máa fi ẹ̀kọ ya ọnà sára aṣọ kí aró má baà wọ ibẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni tibí, nítorí ibi tí áńtíbọ́dì bá lẹ̀ mọ́ nìkan ni àwọ̀ ti ń yọ. Áńtíbọ́dì àkọ́kọ́ á di purotéènì RSV (fáírọ́ọ̀sì tó ń bá ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé jà) mú, ìkejì á di àkọ́kọ́ mú, yóò sì gbé ènsáímù kan dání tí yóò sọ èròjà DAB di àwọ̀ búráùn, bí omi obì tó gbẹ sára aṣọ funfun. Hematoxylin ni wọ́n fi ń pa ìyókù láró. Inú igi ni wọ́n ti ń rí i, bí aró aládìrẹ ṣe ń ti inú ewé èlú wá. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú ọ̀nà èémí tóóró á yọ ní búráùn láàárín aró, àwọn mìíràn á sì ti yọ́ pọ̀ di sẹ́ẹ̀lì ńlá kan ṣoṣo, bí RSV ṣe máa ń ṣe wọ́n. PCR lè sọ pé fáírọ́ọ̀sì wà; àwọ̀ yìí ló ń nàka sí sẹ́ẹ̀lì tó wà.

Àbùkù rẹ̀ ni pé áńtíbọ́dì kọ̀ọ̀kan kì í rí ju ohun tí a rán an sí lọ. Abẹ́rẹ́ náà sì lè gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí àrùn wà kọjá, tàbí kí fáírọ́ọ̀sì ti lọ, kó jẹ́ bakitéríà tó tẹ̀ lé e ló pa ọmọ náà. Nítorí náà ni ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ohun tó fa ikú fi ń wo gíláàsì náà pọ̀ mọ́ PCR ẹ̀dọ̀fóró àti ìtàn àìsàn tí ìyá ọmọ sọ.