Kí ló ń jó? Bí wọ́n ṣe ń kojú iná àti kẹ́míkà eléwu nínú ọgbà yunifásítì l'Ékòó

Bí iná bá sọ nínú ilé kan ní Muṣin, omi ni gbogbo ẹni tó bá sáré débẹ̀ máa ń wá. Nínú ọgbà yunifásítì, omi yẹn gan-an lè sọ ọ̀ràn kékeré di ńlá. Ní Akọka, lọ́gbà Yunifásítì Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1962, ilé oúnjẹ, ilé ìkàwé, họ́sítẹ́ẹ̀lì àti láàbù kẹ́mísìrì ló jọ wà nínú ọgbà kan náà. Ohun tó lè jó níbì kan kò jọ ti ibòmíì rárá. Ìdí nìyí tí ìbéèrè àkọ́kọ́ fi máa ń jẹ́: kí ló ń jó gan-an?

Iná kò lè wà láìsí ooru, ohun tí yóò jó àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́. Omi ń gba ooru lọ́wọ́ iná, ó sì dára fún ìwé, pákó àti aṣọ. Ṣùgbọ́n bí a bá dà á sórí pẹtiróòlù tó ń jó, epo náà yóò léfòó, yóò sì máa jó lọ síbi tí omi bá ṣàn dé. Ẹni tó bá da omi sórí wáyà tí iná mànàmáná ṣì wà nínú rẹ̀, iná lè gbé òun náà. Ti sodium tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́tàlì rírọ̀ ni, kẹrosíìnì ni wọ́n máa ń rì í sí nínú láàbù kí ọ̀rinrin má bàa kàn án. Bí omi bá kàn án, ó máa ń tú gáàsì hydrogen jáde, ooru tó bá a rìn sì lè mú kí gáàsì náà gbiná lójú ẹsẹ̀. Iyanrìn gbígbẹ tàbí ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣe fún iná mẹ́tàlì ni wọ́n fi ń bò ó mọ́lẹ̀.

Pupa ni agolo ìpaná tó máa ń wà lára ògiri, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Lára àwọn tó ń tẹ̀lé àmì Bírítéènì, àmì dúdú túmọ̀ sí gáàsì carbon dioxide, èyí tó yẹ fún kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ iná mànàmáná. Búlúù ni ti ìyẹ̀fun. Ìyẹ̀fun ni wọ́n sábà máa ń gbé kọ́ káàkiri nítorí ó ń bá oríṣiríṣi iná mu, àmọ́ ó máa ń ba ẹ̀rọ jẹ́, bí wọ́n bá sì fọ́n ọn nínú yàrá tóóró, èèyàn lè má rí ọ̀nà jáde mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó yóò yọ píìnì, yóò dojú rẹ̀ kọ ìdí iná, kì í ṣe orí ọwọ́ iná, yóò tẹ ọwọ́ rẹ̀, yóò sì máa fì í lọ fì í bọ̀. Ọ̀pọ̀ agolo kékeré kì í tó ìdajì ìṣẹ́jú tó fi ń tán. Iná tí kò bá kú láàárín àkókò yẹn ti kọjá agbára ẹni tó dì í mú. Kó pa ilẹ̀kùn dé láìtì í, kó sì jáde.

112 tàbí 767 ni nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó. Ariwo “ẹ gbà wá o” kò tó. Ẹni tó pe ní láti sọ ilé wo, àjà kẹloo, ohun tó ń jó, àti bóyá èèyàn ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ dúró ní géètì láti ṣáájú ọkọ̀ panápaná, torí gó-síló lè ti dá a dúró ní Yábàá, kò sì yẹ kó tún máa wá ilé kiri nínú ọgbà tí mọ́tò gba ẹ̀gbẹ́ títì méjèèjì.

Bí kẹ́míkà bá wà níbẹ̀, panápaná tó mọṣẹ́ kì í kàn já wọlé. Olórí wọn yóò béèrè àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú láàbù àti ìwé tó ń ṣàlàyé ewu kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan. Láàbù tó bá ti ìwé yìí mọ́ inú yàrá tó ń jó ti fi ojú wọn sí òkùnkùn. Wọn yóò dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀, kí èéfín máa lọ kúrò lọ́dọ̀ wọn, wọn yóò sì pín àyíká sí ọ̀nà mẹ́ta: ibi ewu tí àwọn tó wọ aṣọ ààbò nìkan lè dé, ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹni tó bá jáde, àti ìta pátápátá. Omi tí wọ́n fi paná náà ti di olóró. Iyanrìn ni wọ́n fi ń dí gọ́tà kó má bàa ṣàn wọ ọ̀sà.

Ẹni tí ásíìdì bá ta sí lára, kí wọ́n bọ́ aṣọ rẹ̀, kí wọ́n sì máa da omi tó ń ṣàn sí ibẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15. Kí wọ́n má da kẹ́míkà míì sí i.

Họ́sítẹ́ẹ̀lì ní tirẹ̀. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ́ kiri. Bí òórùn rẹ̀ bá gbòde, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tan iná tàbí pa á. Iná kékeré tó ń ta nínú swíìsì tó láti dá iná sílẹ̀. Èéfín fóòmù ló sì máa ń pani ṣáájú ọwọ́ iná, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni kí èèyàn rá gbà. Irin ojú fèrèsé tí wọ́n fi ń lé olè, tí kò ṣeé ṣí láti inú, ni ó burú jù lójú mi nínú gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn tí iná bá kú, wọn yóò ka orí àwọn èèyàn níbi ìpéjọ. Ìgbà tí olórí panápaná bá fàṣẹ sí i nìkan ni wọ́n lè padà wọlé. Agolo tí wọ́n bá sì tẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, kì í padà sára ògiri àyàfi tí wọ́n bá tún un rọ, torí atẹ́gùn inú rẹ̀ á máa jò díẹ̀díẹ̀.