Ta ló ní oníṣẹ́ ọwọ́ kì í gba owó ìfẹ̀yìntì?

Láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣàgámù, bí ọmọ bá ní iṣẹ́ jórinjórin tàbí réwáyà lòun fẹ́ kọ́, owó ọ̀ya kọ́ ló ń ba àwọn òbí lẹ́rù. Wọ́n mọ̀ pé owó ń bẹ nídìí ẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń bi í ni pé: "Bó o bá wá darúgbó ńkọ́? Ta ni yóò san owó ìfẹ̀yìntì fún ẹ?" Lójú tiwọn, òṣìṣẹ́ ìjọba àti òṣìṣẹ́ báńkì nìkan ló nírú ẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, ó sì ti ṣe díẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 fàyè gba ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019 ni PenCom, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ yìí, wá ṣe ìfilọ́lẹ̀ ètò tó wà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Télọ̀ lè lọ ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, kó máa sanwó síbẹ̀ lójoojúmọ́, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí nígbà tọ́wọ́ ẹ̀ bá dẹ̀. Ibi tó bá tiwa mu gan-an nìyẹn, torí owó télọ̀ Ìjẹ̀bú kì í wọlé bí owó oṣù. Bí Iléyá bá ku díẹ̀, tí ẹgbẹ́ régberégbe ń kó aṣọ Ojúde Ọba wá fún rírán, télọ̀ kì í fojú kan oorun. Tí ọdún bá kọjá tán, ìsọ̀ a dá wáí. Bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀ ní 2019, nínú 100 náírà tó bá san, ó lè mú 40 jáde bí bùkátà bá dé. 60 tó kù di ọjọ́ ogbó. Mi ò ní kẹ́ni má dá àjọ o, àmọ́ ta ló ń dá àjọ tí kì í kó o kọ́dún tó yí po?

Ti ìfarapa lèèyàn ò mọ̀ rárá. Òfin ọdún 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ka ọmọṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀gá ló ń san 1% owó iṣẹ́ àwọn èèyàn rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ tó bá fara pa. Òṣìṣẹ́ kì í dá kọ́bọ̀ sí i. Bí iná bá jó ọmọṣẹ́, ọjọ́ 14 ni òfin fún un láti fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, ọ̀gá mìíràn lábẹ́ igi ò gbọ́ orúkọ NSITF rí. Ẹ bi í kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ọmọ yín.

Bí ọmọ bá ti gba fíríìdọ́ọ̀mù, kó má fi mọ síbẹ̀. Kó lọ ṣe Trade Test, ìyẹn ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ń ṣe: ìpele 3 ló fi ń bẹ̀rẹ̀, a sì gòkè dé 1. Kò pọn dandan kó ti jókòó ní yunifásítì kó tó ṣe é. Ìwé yẹn ló lè gbé e wọ ilé-iṣẹ́ ńlá bí àwọn tó wà lágbègbè Ṣàgámù. Ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè, dandan ni kó san 10% sínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ náà sì san 8%, jórinjórin o, akọ̀wé o. Bó bá wá wù ú lọ́jọ́ kan láti kúrò níbẹ̀ lọ dá ìsọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òdógbolú, nọ́ńbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yẹn kan náà ló ń bá a lọ.