Ibi Tí Owó Ń Gbà Bí Ìjọba Bá Dín Òṣìṣẹ́ Kù

Bí ìnáwó ìjọba bá ju owó tó ń wọlé lọ, ẹ̀yáwó ni wọ́n fi ń dí àlàfo náà, èlé rẹ̀ á sì di ìnáwó mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Ní Kogi, owó tí Àbújá ń pín lóṣooṣù ló pọ̀ jù nínú ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ ní Lokoja ń ná. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí epo ti ń jáde, ìdá 26.72 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó kù nínú àpò àpapọ̀ ni gbogbo ìpínlẹ̀ 36 jọ ń pín. Bí epo rọ̀bì bá wọ́n lọ́jà àgbáyé, owó yìí á pọ̀. Bó bá wálẹ̀, á rù. Owó oṣù kì í bá a rù. Èyí tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ N18,000 lọ́dún 2011, ó di N30,000 ní 2019, ó di N70,000 ní 2024. N72,500 ni Kogi fọwọ́ sí fún àwọn tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú fi máa ń kọ́kọ́ lọ sára òṣìṣẹ́.

Ọ̀nà tí ariwo rẹ̀ kéré jù ni kí wọ́n má gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ mọ́. Ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀, tàbí iye ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́, bá pé iye tí òfin là kalẹ̀ á fẹ̀yìn tì, wọn ò sì ní fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ọjọ́ orí ló ń yan ẹni tí yóò lọ. Olùkọ́ ìṣirò kan ṣoṣo tó kù níléèwé abúlé ní Bùnú lè lọ, kí ọ́fíìsì tí èèyàn mẹ́rin ti ń ṣe iṣẹ́ ẹnì kan ní Lokoja ṣì kún fọ́fọ́.

Ìyẹ̀wò òṣìṣẹ́ tún wà, níbi tí wọ́n ti ń fi BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ báńkì, wá ẹni tó ń gbowó lójú méjì. Lọ́dún 2016, ìjọba àpapọ̀ yọ orúkọ tó lé ní 23,000 kúrò nínú ìwé owó oṣù. Ọdún yẹn náà ni Kogi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ó sì fà gùn débi pé owó ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gidi há sí i. Olè ni ayédèrú òṣìṣẹ́, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ọjọ́ ìbí lórí ìwé ẹ̀rí kò sọ ènìyàn di ayédèrú.

Ní ti pípa àjọ pọ̀, ìgbìmọ̀ Stephen Oronsaye ti dábàá rẹ̀ láti 2012 pé kí àjọ ìjọba àpapọ̀ 263 tí òfin dá sílẹ̀ dín kù sí 161. Lọ́dún 2024, ìjọba ní òun fẹ́ mú un lò. Bí ọ̀gá àgbà àjọ méjèèjì tí wọ́n pa pọ̀ bá ṣì jókòó pẹ̀lú ọkọ̀ wọn, pátákó ẹnu ọ̀nà nìkan ló yí padà.

Lílé òṣìṣẹ́ ni gbogbo ayé ń bẹ̀rù. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí: ìjọba ológun dá àwọn tó ju 10,000 dúró lọ́dún 1975. Ẹni tí wọ́n lé ní owó ẹ̀tọ́ láti gbà, nítorí náà ìnáwó lè ga sí i kó tó wálẹ̀.

Ohun tí ìwé ìṣúná kì í fi hàn ni ibi tí owó oṣù ń gbà lẹ́yìn tó bá kúrò ní báńkì. Ní Kabba, Mopa àti Isanlu, àwọn ìlú ní Kogi, òṣìṣẹ́ ìjọba ni oníbàárà tí owó rẹ̀ ní ọjọ́. Obìnrin tó ń ta ìrẹsì àti gàrí ní ìwé awìn: tíṣà, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé káńsù, iye kóńgò sì wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bí owó oṣù bá dé lábọ̀, àbọ̀ gbèsè ni wọ́n á san. Òun náà á dín iye àpò tó ń rà kù, àgbẹ̀ Ìjùmú tó kó gàrí wá á sì gbé e padà tàbí kó tà á ní ọ̀pọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sọ́jà. Owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó òṣìṣẹ́ tó ń gbé Kogi, àpò ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń padà sí. Ẹni tí wọ́n bá yọ kúrò níṣẹ́ ti gbé owó orí tirẹ̀ lọ, nítorí náà èrè tó wọlé kì í tó iye tí wọ́n kéde.

Ibi tó yẹ kí ọ̀bẹ kọ́kọ́ kàn wà lókè: àwọn olùrànlọ́wọ́ pàtàkì tí gómìnà ń yàn, ọkọ̀ tuntun, ìrìn àjò, àti owó ètò ààbò tí wọn kì í ṣírò rẹ̀ fún aráàlú. Kò sí orúkọ ẹnì kankan nínú ìwé awìn Kabba tí gígé wọn máa ṣàkóbá fún.